Nígbà tí MS bá mú kí ọpọlọ máa fà: bí ẹ ṣe lè tún ìrántí, iṣẹ́ àti ilé ṣètò

Ẹni tó ní àrùn multiple sclerosis, tí gbogbo èèyàn ń gé kúrú sí MS, lè máa rìn láìfi ọ̀pá tilẹ̀, síbẹ̀ kí ó gbàgbé ohun tí wọ́n bá a sọ ní wákàtí kan sẹ́yìn, kí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ há sí i lẹ́nu, kí ìpàdé oníwákàtí kan sì gba gbogbo okun tó ní fún ọjọ́ náà. Nínú 100 èèyàn tó ní MS, láti 40 dé 65 ni irú ìṣòro yìí máa ń kàn. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́ tí àrùn náà yọjú, ó sì lè kan ẹni tí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ka ìyókù ni pé ìyára ọpọlọ ni àrùn yìí kọ́kọ́ ń dín kù. Ọgbọ́n kò lọ. Ìmọ̀ iṣẹ́ kò lọ. Èdè, oríkì, orúkọ àwọn ará ilé, ohun tí ẹ ti mọ̀ tipẹ́, gbogbo rẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tuntun ni kò ráyè wọlé dáadáa, nítorí pé ó yára ju bí ọpọlọ ṣe lè gbà á lọ. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní máa da orí rẹ̀ láàmú láti rántí ohun tí kò wọlé rí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọlé ni yóò tún ṣe, iṣẹ́ inú ìwé yìí sì dá lé e.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí

Nínú MS, agbára tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò àrùn máa ń yíjú sí ara fúnra rẹ̀. Myelin ló ń bà jẹ́, ìyẹn ọ̀rá tó wé mọ́ àwọn okùn iṣan nínú ọpọlọ, nínú mùdùnmúdùn eegun ẹ̀yìn àti nínú iṣan ojú. Myelin ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ tí ọpọlọ rán tètè dé ibi tó ń lọ. Níbi tó bá ti bó, iṣẹ́ náà á máa fà, tàbí kó má dé rárá. Ọpọlọ á wá gba ọ̀nà mìíràn tó jìn. Iṣẹ́ náà á dé, ṣùgbọ́n agbára tí ọpọlọ ná sí i á pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àárẹ̀ àti ìgbàgbé fi ń rìn pọ̀ nínú àrùn yìí. Apá kan láàárín ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní thalamus, níbi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ń gbà kọjá, tún máa ń sún kì láti ìbẹ̀rẹ̀ àrùn, bó bá sì ṣe sún kì tó ni ìyára ọpọlọ ṣe sábà máa ń dín kù tó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Jean-Martin Charcot, dókítà tó ṣe àpèjúwe MS ní ilé ìwòsàn Salpêtrière ní Paris ní 1868, ti ṣàkíyèsí pé ìrántí àwọn aláìsàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, pé ìrònú wọn sì ń fà. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ àti ojú ni àwọn dókítà fi ọ̀pọ̀ ọdún wò. Ní 1991 ni Stephen Rao àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àyẹ̀wò ọpọlọ tó jinlẹ̀ fún àwọn aláìsàn tó ń gbé láàárín ìlú, tí wọ́n sì rí ìṣòro yìí lára 43 nínú 100.

Lẹ́yìn ìyára, ohun tó tún máa ń kàn ni kíkọ́ nǹkan tuntun; fífi ọkàn sí ohun kan nígbà tí ariwo wà; ṣíṣe nǹkan méjì pọ̀; títo iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin; àti wíwá ọ̀rọ̀, tí ó fi jẹ́ pé "lámọ́rín yẹn" á pọ̀ lẹ́nu ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń bá ẹnì kan ṣoṣo. Kì í sì í ṣe àrùn ìgbàgbé àwọn àgbàlagbà: ẹni tó ní MS kì í sábà gbàgbé ojú ọmọ rẹ̀ tàbí ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé MS kì í mú aláwọ̀ dúdú. Nílé ní Nàìjíríà, ó ṣọ̀wọ́n nínú àkọsílẹ̀ àwọn dókítà, ẹ̀rọ MRI tí wọ́n fi ń rí i kò sì sí ní gbogbo ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tó jáde ní 2013 láti gúúsù California rí i pé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ ń ní àrùn yìí ju àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun lọ. Ọmọ Yorùbá tó wà ní London tàbí Houston, tí ọwọ́ rẹ̀ ń kú, tí ojú kan ṣú lójijì, tí orí rẹ̀ kò sì dá ṣáṣá mọ́, dókítà iṣan àti ọpọlọ ni kí ó kọ́kọ́ lọ rí. Bí ẹnikẹ́ni nílé bá fẹ́ gbàdúrà, kí wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n kí àdúrà má ṣe dá ọjọ́ dókítà dúró.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ fi ọjọ́ 14 kọ àwọn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìlà kan péré fún ohun kan tó. Ẹ kọ aago. Ohun tí ẹ gbàgbé tàbí tí ẹ ṣì ṣe. Iye wákàtí tí ẹ sùn mọ́jú. Oògùn tí ẹ lò kẹ́yìn àti aago tí ẹ lò ó. Bóyá ooru mú. Àti iye èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àpẹẹrẹ: "Aago 3 ọ̀sán. Mo gbàgbé pé omi wà lórí iná. Mo sùn wákàtí 4. Baclofen ní aago 2. Ooru mú gan-an. Tẹlifíṣọ̀n ń dún, ọmọ méjì ń bá mi sọ̀rọ̀."

Ẹ má kọ "orí mi kò pé lónìí." Ìyẹn ò sọ nǹkan kan fún dókítà. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹ sì ní kí ẹnì kan tí ẹ jọ ń gbé kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, láìwo tiyín. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà sábà máa ń rò pé ìrántí òun burú ju bó ṣe rí lọ. Ẹlòmíràn sì wà tí kò mọ̀ rárá pé òun ń gbàgbé. Ibi tí ìwé méjèèjì kò ti bára mu yóò wúlò fún dókítà.

Bí ọjọ́ 14 bá pé, ẹ wo ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ má rí ìlànà kan: ọ̀sán nìkan, tàbí wákàtí kan lẹ́yìn oògùn kan, tàbí ọjọ́ tí oorun kò tó. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni ẹ óò kọ́kọ́ dojú kọ.

Àwọn ohun mìíràn tó ń ti ọpọlọ mọ́lẹ̀

Apá yìí ṣe pàtàkì jù lójú wa, nítorí pé àwọn nǹkan inú rẹ̀ ṣeé tún ṣe. A kì í lè dá myelin tó ti lọ padà, ṣùgbọ́n a lè wo àrùn inú ìtọ̀, a lè pààrọ̀ oògùn, a lè tún oorun ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ka gbogbo ìgbàgbé sí MS lọ́rùn, nígbà tí ó jẹ́ pé apá kan rẹ̀ lè wá láti ibòmíràn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìtọ̀. MS sábà máa ń ba ìmọ̀lára àpò ìtọ̀ jẹ́, nítorí náà àrùn lè wà níbẹ̀ láìsí pé ìtọ̀ ń ta èèyàn. Àmì kan ṣoṣo tí ẹ máa rí lè jẹ́ pé orí wúwo, ọ̀rọ̀ kò jáde, ẹsẹ̀ sì túbọ̀ rọ. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ kí ẹ tó pè é ní ìkọlù tuntun, ìyẹn ìgbà tí MS fúnra rẹ̀ tún gbé orí sókè.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo oògùn yín sórí tábìlì, títí kan èyí tí ẹ rà fúnra yín. Oxybutynin tí wọ́n ń lò fún ìtọ̀, amitriptyline fún ìrora, baclofen àti tizanidine fún iṣan tó le, gabapentin àti pregabalin, diazepam, tramadol: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè mú kí ọpọlọ fà, méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ sì burú jù. Piriton tí ọ̀pọ̀ ń lò fún ara yíyún tàbí láti fi sùn wà nínú wọn. Oxybutynin, amitriptyline àti Piriton, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dí ohun kan tí ọpọlọ fi ń ṣe ìrántí, acetylcholine, nítorí náà kò yẹ kí ẹnì kan máa lo wọn pọ̀ láìbi dókítà léèrè. Ìbéèrè tí ẹ máa bi í nìyí: "Dókítà, èwo nínú àwọn oògùn yìí ló lè mú kí orí mi wúwo, ṣé a lè dín in kù, tàbí kí a lò ó lálẹ́?" Ẹ má dá baclofen dúró lójijì fúnra yín. Dídá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà lè fa gìrì, ó sì lè mú kí èèyàn máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in.

Àgbo náà wà lórí tábìlì yẹn. Àgbo tí wọ́n fi ọtí sè tàbí tí wọ́n rẹ sínú ọtí á mú kí ọpọlọ túbọ̀ fà. Oògùn MS bíi interferon àti teriflunomide sì lè ni ẹ̀dọ̀ lára, àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè fi kún un. Ẹ sọ fún dókítà yín láìtijú. Ó sàn kí ó mọ̀.

Oorun: ọ̀pọ̀ ẹni tó ní MS máa ń jí lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lóru láti tọ̀. Ẹ mu omi tó yẹ kí ẹ mu ní ọ̀sán, kí ẹ wá dá a dúró ní wákàtí méjì kí ẹ tó sùn. Ẹ má dín omi gbogbo ọjọ́ kù, nítorí àìmu omi tó ń fa àrùn ìtọ̀, orí á sì tún wúwo. Bí ẹsẹ̀ bá ń fà lóru, tàbí tí ẹ ń hanrun tí èémí sì ń gé, ẹ sọ ọ́; àwọn méjèèjì ní ìtọ́jú.

Ooru: Wilhelm Uhthoff, dókítà ojú ní Jámánì, kọ ní 1890 pé ojú àwọn aláìsàn MS ń ṣú nígbà tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ agbára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá mọ̀ pé ara tó gbóná ló ń fà á, tí ojú sì ń padà nígbà tí ara bá tutù. Ọpọlọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ara gbóná ní ìdajì ìwọ̀n Celsius kan péré ti tó. Ní ìlú tí iná mànàmáná kì í dúró, ẹ gbé iṣẹ́ tó gba orí sí ààrọ̀ kùtù, ẹ wẹ omi tútù ní ọ̀sán, ẹ fi aṣọ tútù sí ọrùn àti ọrùn ọwọ́, ẹ má sì jókòó sí ilé ìdáná nígbà tí ẹ ń ronú lórí owó. Èyí kì í ba iṣan jẹ́ síwájú sí i. Bí ara bá tutù, á padà síbi tó wà.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní MS nígbà kan nínú ayé wọn. Ó ń dín ìyára ọpọlọ kù fúnra rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí inú kò dùn sí ohunkóhun mọ́, tí oúnjẹ kò lọ, ẹ sọ fún dókítà: àìsàn ni, oògùn àti ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ẹnu ń ràn án lọ́wọ́, ìrántí náà sì sábà máa ń dára sí i. Ẹ tún ní kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ yín fún thyroid (ẹṣẹ́ kan tó wà ní ọrùn), vitamin B12 àti àìtó ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ti gba alemtuzumab, oògùn MS kan, gbọ́dọ̀ máa wo thyroid déédéé, nítorí pé oògùn yẹn máa ń dà á rú lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Sìgá: ẹ fi sílẹ̀ pátápátá.

Àyẹ̀wò: èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tó

Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní MMSE, tí wọ́n á bi yín pé ọjọ́ wo la wà, ìlú wo la wà, kí ẹ kà sẹ́yìn. Ẹni tó ní MS lè gba máàkì 30 nínú 30 níbẹ̀, kí iṣẹ́ sì máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò ṣe é fún ìyára ọpọlọ. Bí wọ́n bá lò ó fún yín, tí wọ́n ní kò sí nǹkan kan, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè fún SDMT.

SDMT rọrùn, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Wọ́n á gbé ìwé kan síwájú yín tí àmì 9 wà lókè rẹ̀, nọ́ńbà kan lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ àmì wà láìsí nọ́ńbà. Ẹ óò máa pe nọ́ńbà tó bá àmì kọ̀ọ̀kan mu bí ẹ ṣe lè yára tó, fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Pípè é lẹ́nu sàn ju kíkọ ọ́ lọ, kí ọwọ́ tó rọ má bàa dín máàkì kù. Àwọn onímọ̀ dámọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe é nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí àrùn náà, kí wọ́n sì máa ṣe é lọ́dọọdún. Bí máàkì bá fi 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá, ó yẹ kí dókítà wádìí ohun tó fà á. Àkójọ àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní BICAMS fi àyẹ̀wò ìrántí ọ̀rọ̀ àti ìrántí àwòrán kún SDMT. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ.

Kí máàkì yín lè sọ òtítọ́, ẹ mú gíláàsì ojú yín lọ, ẹ gba àyẹ̀wò ní ààrọ̀, ẹ má gbà á ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń gba steroid, oògùn tí wọ́n fi ń wo ìkọlù, tàbí tí ìkọlù tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ mú yín. Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀: bí Yorùbá bá jẹ́ èdè tí ẹ fi ń ronú, ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìrántí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè mú kí máàkì yín kéré láìjẹ́ pé àrùn ló fà á. Fún SDMT, ẹ pe nọ́ńbà ní èdè tó yá yín lẹ́nu jù, kí ẹ sì lo èdè kan náà lọ́dọọdún.

Ní Britain, ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú níbẹ̀, gbé jáde ní 2022 sọ pé bí ìṣòro ìrántí bá ń bá ẹni tó ní MS lọ, kí wọ́n rò ó láti fi í ránṣẹ́ sí occupational therapist (ẹni tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti máa ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́) àti neuropsychologist (onímọ̀ nípa ìrònú àti ìrántí). Ẹ lè dárúkọ ìlànà náà níwájú dókítà yín.

Bí ọ̀rọ̀ tuntun ṣe lè wọlé

Ẹ gba ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹnì kan bá ń sọ ohun mẹ́ta pọ̀, ẹ dá a dúró: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú àkọ́kọ́ ná." Ẹ pa rédíò. Ẹ wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ tiyín sọ ohun tí ẹ gbọ́ padà fún un. Má ṣe fò èyí: ọ̀rọ̀ tí ẹnu yín fúnra yín hun máa ń dúró ju èyí tí ẹ kàn gbọ́ lọ, ẹni náà á sì tún ṣe àtúnṣe bí ẹ bá ṣì í gbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi àlàfo sí i. Bí ẹ bá fẹ́ mọ orúkọ nọ́ọ̀sì tuntun, ẹ pè é lójú ẹsẹ̀, ẹ tún pè é lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn wákàtí kan, ní alẹ́, àti ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kíka ohun kan lẹ́ẹ̀mẹwàá ní ìjókòó kan kò ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ gbìyànjú láti rántí rẹ̀ kí ẹ tó wo ìwé. Wíwá a nínú orí ló ń mú un le. Wíwò ó nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n bí kò bá wá láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ wò ó, kí ẹ má bàa kọ́ èyí tí kò tọ́ mọ́ra.

Fún àwọn nǹkan tó pọ̀, ẹ sọ wọ́n di ìtàn tàbí àwòrán. Ká ní ẹ fẹ́ ra ata rodo, bátìrì, ọṣẹ, ẹja àti oògùn ìtọ̀. Ẹ fojú inú wo ẹja tó wọ ọṣẹ gẹ́gẹ́ bíi bàtà, tó ń ta ata rodo, tó fi bátìrì ṣe òṣùwọ̀n, tí dókítà wá ra ata lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ṣe ya yín lẹ́nu tó ni yóò ṣe dúró tó. Ọ̀nà yìí ni Nancy Chiaravalloti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kessler Foundation, ní New Jersey, fi kọ́ àwọn aláìsàn MS ní ìjókòó 10 láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nínú ìwádìí wọn tó jáde ní 2013, àwọn tó gba ẹ̀kọ́ náà kọ́ nǹkan tuntun dáadáa ju àwọn tí kò gbà á lọ.

Nọ́ńbà: ẹ pín in. Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì ní Nàìjíríà jẹ́ 10. Ẹ kà á sókè ní mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì láti ojú fóònù, kì í ṣe láti inú orí, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ nígbà tí ẹnì kan ń kánjú yín lórí ìlà: àwọn gbájú-ẹ̀ mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá kán lójú kò ní ráyè ronú, ẹni tí MS ń mú ọpọlọ rẹ̀ fà ni wọ́n lè tètè mú jù. Òfin kan ṣoṣo nílé: owó tó bá ju iye kan lọ, ó di ọ̀la.

Ìwé kan, kàlẹ́ńdà kan, aláàmù díẹ̀

Ìwé mẹ́ta, ègé bébà lára fíríìjì, nótì nínú fóònù, WhatsApp tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín: bí ó ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ ó máa wá ibi tí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ yan ìwé kan tàbí fóònù kan, ohun gbogbo níbẹ̀. Ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́: lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ àti kí ẹ tó sùn. Bí ẹ kò bá so ó mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ máa gbàgbé láti ṣí i.

Aláàmù ń fẹ́ orúkọ tó sọ ohun tí ẹ máa ṣe. "Oògùn" kò tó. "Dìde, gbé oògùn mì, ìgbà yẹn ni kí o pa mí" dára jù. Ọ̀pọ̀ oògùn ló ń bọ́ nítorí pé wọ́n pa aláàmù kí wọ́n tó dìde. Fún ìrìnàjò tàbí ọjọ́ dókítà, ẹ ṣe méjì: èyí àkọ́kọ́ fún ìmúra ní wákàtí kan ṣáájú, èkejì fún ìgbà tí ẹ máa jáde. Ẹ má ṣe ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ lójúmọ́. Bó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, etí á mọ́ ọn lára. Àpótí oògùn ọlọ́jọ́ méje, tí ẹ kún ní ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á fi hàn yín bóyá ẹ ti lo ti òní.

Nínú ilé ìdáná, ẹ kó gbogbo èlò ọbẹ̀ jọ sórí tábìlì kí ẹ tó tan iná, kí ẹ sì gbé èyí tí ẹ ti lò kúrò lójú ibẹ̀. Ẹ yí aago fóònù sí ìṣẹ́jú 10, kí fóònù náà wà lára yín, kì í ṣe lórí tábìlì. Bí ẹnì kan bá pè yín jáde, ẹ pa iná ná. Ẹ̀wà tó jó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n gáàsì tó ń jó láìsí ẹni nídìí rẹ̀ lè pa èèyàn.

Níbi iṣẹ́

Wákàtí méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sábà dára jù. Ẹ fi wọ́n ṣe ohun tó gba orí. Ẹ fi ìmeèlì àti ìpè sí ọ̀sán. Ẹ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 25, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 5 láìwo fóònù. Kí ẹ tó dìde fún ìsinmi, ẹ kọ ìlà kan: "Ohun tí mo fẹ́ ṣe tẹ̀lé e ni…" Ìlà yẹn ni yóò mú yín padà bọ̀ sí ibi tí ẹ wà, nítorí pé ìgbà tí wọ́n bá dá èèyàn dúró láàárín iṣẹ́ ni nǹkan sábà máa ń sọnù.

Ẹ má sọ fún ọ̀gá pé "mò ń gbàgbé nǹkan." Ẹ béèrè ohun tó ṣeé fọwọ́ mú: kí wọ́n fi ìmeèlì kọ ohun tí ìpàdé pinnu, kí wọ́n fún yín láyè láti gba ohùn ìpàdé sílẹ̀, kí tábìlì yín kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ máa ti ilé ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ní Britain, Equality Act 2010 ka MS sí àìlera láti ọjọ́ tí dókítà bá ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, kódà bí ohunkóhun kò tíì hàn lójú. Ètò ìjọba ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Access to Work lè san owó ohun èlò. Ní Amẹ́ríkà, ADA, òfin àwọn aláìlera ti 1990, ni ẹ lè dì mú. Ní Nàìjíríà, òfin tó lòdì sí fífi ìyà jẹ àwọn aláìlera, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù January 2019, wà. Ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà tó sọ ohun tí ẹ nílò ní pàtó ló sábà máa ń ṣí ọ̀nà.

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ní Britain gbọ́dọ̀ sọ fún DVLA, àjọ tó ń fúnni ní ìwé ìwakọ̀, pé òun ní MS. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n á gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ti ń fo iná pupa, tàbí tí ìkóríta tí ẹ mọ̀ dáadáa ń dàrú mọ́ yín lójú, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó ní kí ẹ gbé e sílẹ̀.

Fún àwọn ará ilé

Èèyàn mẹ́ta lè máa sọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ilé wa, tẹlifíṣọ̀n ń ké, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn wíńdò. Ó ń mú inú àwa dùn. Ẹni tó ní MS kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Bí ó bá sì pẹ́ kó tó dáhùn ìkíni, àwọn kan á ní ó ti ń gbéraga, tàbí pé ó ń bínú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkíni náà ṣì ń bọ̀ lọ́nà ni.

Ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ dúró kí ojú yín ṣe mẹ́rin, ẹ sọ ohun kan, ẹ dákẹ́. Ẹ kà á dé márùn-ún nínú ọkàn kí ẹ tó tún un sọ. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kíákíá bí ó bá ń wá a. Ìgbà tó bá fojú béèrè ni kí ẹ fún un. "Ṣé ẹ tún ti gbàgbé ni?" ń dun èèyàn, kò sì ran ìrántí lọ́wọ́. Ẹ fi atọ́ka síwájú ọ̀rọ̀: "Màmá, ọ̀rọ̀ dókítà ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fẹ́ sọ. Aago mẹ́wàá ni, ọkọ̀ á dé ní mẹ́sàn-án." Ọ̀rọ̀ tó ní orí tètè ń rí ibi jókòó sí. Àwọn ọmọ lè kọ́ èyí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó sì yẹ kí ẹnì kan jókòó tì wọ́n ṣàlàyé pé ìyá tàbí bàbá wọn kò pa wọ́n tì, pé àìsàn ló ń mú kí ìdáhùn pẹ́.

Ẹ má gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì lè kó ìnáwó ilé jọ, kí ó máa ṣe é, kí ẹlòmíràn kàn máa wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Oògùn, eré ìdárayá àti ohun tí kò ṣiṣẹ́

Kò sí oògùn kankan tí wọ́n ti fọwọ́ sí fún ìrántí nínú MS. Wọ́n dán donepezil wò nínú ìwádìí tó jáde ní 2011, kò ran ìrántí lọ́wọ́. Wọ́n dán Ginkgo wò, 120 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12, òun náà kò ṣe nǹkan kan. Ẹ má fi owó ṣòfò. Oògùn tó ń dí MS fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ni ẹ ní láti bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù, kí ẹ sì máa lò ó déédéé: kì í dá ohun tó ti lọ padà, ṣùgbọ́n ó ń dín ọgbẹ́ tuntun àti ìsúnkì ọpọlọ kù.

Eré ìdárayá: ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni wọ́n dámọ̀ràn, bí ara bá gbà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10 ìrìn ní ààrọ̀ kùtù, kí ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oorun, ọkàn àti àárẹ̀ ló ń bá tún ṣe jù.

Nígbà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dúró

Bí ìrònú bá dàrú láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí ó ju wákàtí 24 lọ, tí kò sí ibà tàbí àrùn ìtọ̀, ó lè jẹ́ ìkọlù tuntun. Ẹ pe nọ́ọ̀sì MS tàbí dókítà lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá fún yín ní steroid, ẹ mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ lè lé oorun lọ, kó sì da ìrántí rú fún ìgbà díẹ̀.

Ẹni tó ń gba natalizumab, oògùn MS kan, ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi. Àrùn ọpọlọ kan tí wọ́n ń pè ní PML lè wọlé, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ bí ìgbàgbé, ìwà tó yí padà, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ra tàbí apá kan tó ń rọ, tí ó ń burú sí i láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ará ilé ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i. Ẹ pe ilé ìwòsàn kí wọ́n tó fún un ní abẹ́rẹ́ tó kàn, ẹ dárúkọ natalizumab àti ọjọ́ tó gbà á kẹ́yìn, kí ẹ sì béèrè fún MRI.